Kọ̀ǹpútà géèmù tówó ẹ̀ ò pọ̀: èwo la lè rà ní tòkunbọ̀, èwo la gbọ́dọ̀ rà ní tuntun?

Akẹ́kọ̀ọ́Géèmù:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù fúnra mi. EA FC, GTA V àti Valorant ló wà lọ́kàn mi, bóyá Forza Horizon 5 tí agbára ẹ̀ bá gbé e. Móńítọ̀ 1080p wà nílẹ̀, 75Hz. Owó ò pọ̀, mo sì ti gbà pé tòkunbọ̀ ni apá kan ẹ̀ máa jẹ́. Ìbéèrè mi ni: èwo ni mo lè rà ní Belgium (tòkunbọ̀) láìfòyà, èwo ni mo gbọ́dọ̀ rà ní tuntun? Èkó ni mo wà. Íńfátà 1.2kVA pẹ̀lú bátìrì 220Ah kan ló wà nílé, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí.

Otigba_Boy:
Káàbọ̀, àbúrò. Graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú móńítọ̀) ni kó o kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń gbé géèmù. Tí gbogbo owó ẹ bá jẹ́ ₦100, fi ₦40 sí káàdì, kó o fi ₦60 tó kù dọ́gbọ́n sí ìyókù. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ra CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ńlá tán kó wá lọ fi káàdì 4GB sí i, géèmù á sì máa gán.

Fún 1080p, RX 6600 ni mo máa fà kalẹ̀. 8GB memory ló ní, 132W péré ló ń jẹ, okùn 8-pin kan ló ń lò, gbogbo géèmù tó o dárúkọ ló sì máa gbé kọjá 60fps (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Tówó ò bá dé ibẹ̀, GTX 1660 Super: 6GB, 125W. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì máa ń jẹ́ ní Computer Village, kò sì sí wàhálà níbẹ̀ tó o bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

RTX 3050 ni kó o fojú sí. Oríṣi méjì ló wà, 8GB àti 6GB. Kì í ṣe memory nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀; 6GB yẹn, 70W ló ń jẹ, agbára ẹ̀ sì relẹ̀ sí ti èkejì dáadáa. Ẹni tó ń tà á á kàn ní "3050 ni, my guy", kò ní fi ọ̀rọ̀ kún un. Ka ara páálí kó o tó sanwó. RX 6500 XT ńkọ́? Fi sílẹ̀. 4GB ni, ojú ọ̀nà PCIe (ọ̀nà tí káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) mẹ́rin péré ló ń lò, tó o bá wá gbé e sórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) tó jẹ́ PCIe 3.0 àtijọ́, á máa wọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí memory ẹ̀ bá kún. Wọn ò sì fi ẹ̀rọ tó ń ká fídíò sínú ẹ̀, nítorí náà tó o bá fẹ́ máa gba géèmù ẹ sílẹ̀, CPU ló máa fìyà jẹ.

Ayédèrú tún wà. RX 580 gidi ní shader (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) 2304. Èyí tí wọ́n kọ "2048SP" sí, RX 570 ló jẹ́ lábẹ́ aṣọ. Kò burú, àmọ́ owó 570 ni kó o san. Èyí tó burú ni GTX 1050 Ti tó jẹ́ GTS 450 àtijọ́ tí wọ́n yí BIOS ẹ̀ (ètò inú ẹ̀ tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́) padà. Tó o bá rí pọ́ọ̀tù VGA lára 1050 Ti, fura, nítorí pé chip ìran yẹn kì í gbé VGA jáde fúnra ẹ̀. Gbé GPU-Z (ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà) sórí fláàṣì dání: á kọ [FAKE] gàdàgbà síwájú orúkọ káàdì.

ÌyáWáyà:
Otigba, o ti sọ̀rọ̀ káàdì, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta káàdì, kó jẹ́ kí n sọ èyí tí kò gbọdọ̀ rà ní tòkunbọ̀ rárá: PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà). Tuntun ni, tuntun náà sì ni. Tí RAM (memory kọ̀ǹpútà) bá kú, RAM nìkan ló kú. Tí PSU burúkú bá kú, ó lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù, SSD (ibi tí fáìlì àti géèmù ń gbé) àti káàdì lọ pọ̀.

Má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú. Dojú PSU bolẹ̀, ka àtẹ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, wá ìlà +12V. Iye ampere tó wà níbẹ̀, fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ń rí "500W" tí wọ́n kọ 20A sí ìlà 12V ẹ̀. 20 lọ́nà 12, 240W. Orí 12V yẹn ni CPU àti káàdì ti ń jẹun, nítorí náà 240W lo rà, kì í ṣe 500W. Èyí tó jẹ́ 500W tòótọ́ máa ń ní bí 38A sí 41A níbẹ̀.

Ní ti iye tó o nílò: RX 6600, 132W, Ryzen 5 5600, ó lè dé 76W tó bá ń sáré, mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù, ká fi wọ́n sí 50W. Kò tíì pé 260W. 500W tàbí 550W tó jẹ́ ojúlówó, 80 Plus Bronze (àmì pé kì í fi iná ṣòfò jù), ti tó o. Wọ́n máa ń lẹ àmì 80 Plus mọ́ ayédèrú, àmọ́ orúkọ gbogbo PSU tó yege ìdánwò yẹn wà lórí ìkànnì wọn. Wá nọ́ńbà model tìẹ níbẹ̀ kó o tó kúrò nílé.

Ohun kejì lára àtẹ yẹn, tí àwọn ará òkèèrè kì í bá wa sọ: wo INPUT. Àwọn kan jẹ́ 100–240V, àwọn kan 200–240V. Ní àdúgbò tí iná máa ń wálẹ̀ dé 160V lálẹ́, èyí tó jẹ́ 200–240V á máa kú, á máa tan, láàárín géèmù. 100–240V kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ owó wọn ò tó owó stabilizer. Tó o bá sì rí èyí tó ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn, tó ń yí láàárín 115 àti 230, PSU àtijọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá tan án ní 115 lórí iná wa, ìbúgbàù ló máa gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Géèmù:
Ẹ ṣé gan-an mà. Íńfátà tó wà nílé yẹn ńkọ́? Ṣé ó máa gbé e?

ÌyáWáyà:
Agbára ẹ̀ tó. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ṣé pure sine wave (iná tó ń lọ geere bíi ti NEPA) ni? Tó bá jẹ́ modified, PSU tó ní active PFC (ètò tó ń tún bí PSU ṣe ń fa iná ṣe), ìyẹn gbogbo PSU gidi òde òní, á máa kùn, á máa gbóná, ó sì lè kọ̀ láti tan. Íńfátà lo máa pààrọ̀ nígbà yẹn, má lọ tìtorí ẹ̀ ra PSU burúkú.

Ìkejì, báwo ló ṣe ń yára tó nígbà tí NEPA bá mú iná lọ? PSU tó tẹ̀lé ìlànà ATX lè di èémí mú fún nǹkan bí 16 sí 17 millisecond. Ọ̀pọ̀ íńfátà ní ipò méjì: UPS mode, tó ń yí láàárín bí 10ms, àti ipò àwọn fáànù òun fìríìjì, tó lè gba 20ms tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò kejì yẹn ló fà á tí kọ̀ǹpútà àwọn kan fi ń restart tí wọ́n sì ń dá PSU lẹ́bi. Bọ́tìnì kékeré ni, ẹ̀yìn íńfátà tàbí inú menu ẹ̀ ló máa ń wà.

Ìkẹta, wákàtí mélòó? 12V lọ́nà 220Ah, 2,640Wh. Bátìrì olómi tàbí gel, má lò ó kọjá ìdajì, tí o kò bá fẹ́ kó tètè kú: 1,320Wh. Yọ ohun tí íńfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, bí 15%, ó ku bí 1,120Wh. Kọ̀ǹpútà yìí pẹ̀lú móńítọ̀, nígbà tí géèmù bá ń lọ, ká ní 275W. Wákàtí mẹ́rin ni, tí bátìrì bá ṣì lágbára tí o kò sì tan nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Móńítọ̀ ẹ 75Hz ni, nítorí náà tó o bá so fps mọ́ 60 nínú géèmù tí kò wúwo, iná tí káàdì ń jẹ á wálẹ̀ gan-an. FC lè máa lọ ní 180W, ìyẹn á gbé ẹ dé bíi wákàtí mẹ́fà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, má so ó mọ́ ọn tààrà.

Ìjẹ̀bú_NVMe:
Ẹ má bínú o, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, owó ni. Ẹ jẹ́ ká bá ọmọ yìí wá èyí tó rọjú. Kó ra Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tòkunbọ̀, Core i5 ìran kẹjọ, bí i5-8500: core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) mẹ́fà, Windows 11 gbà á. Ìran kẹfà àti keje ni kó yẹra fún, Microsoft ò gbà wọ́n sí Windows 11, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí láti 14 October 2025. Inú ilé-iṣẹ́ lókè òkun ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹ̀rọ yìí wá, kò sẹ́ni tó lù wọ́n mọ́lẹ̀.

Kó mú tower, kó má mú èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF, torí káàdì kúkúrú nìkan ló ń wọ ìyẹn, owó káàdì kúkúrú sì ń ga. Lẹ́yìn náà ni kó fi RTX 3050 6GB sí i, èyí tí Otigba ń bú yẹn. Níbí gan-an ló ti wúlò: 70W ni, 75W tí ihò PCIe ń fúnni sì ti tó o, kò nílò okùn kankan. GTX 1650 náà lè ṣe é, àmọ́ kó yẹ orí ẹ̀ wò, àwọn kan ní 6-pin.

Otigba_Boy:
Ìjẹ̀bú, o ò parọ́, fún FC àti Valorant ọ̀nà yìí dáa. Àmọ́ sọ èyí tó kù fún un. PSU inú OptiPlex yẹn, bí 240W sí 260W ni, okùn káàdì ò sí lára ẹ̀, ẹnu tí wọ́n fi so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù kì í sì í ṣe 24-pin tí gbogbo ayé ń lò. Ọjọ́ tó bá wù ú láti gbé RX 6600 sí i, á ra PSU tuntun, á wá adapter, ó tún lè jẹ́ pé case ò gba PSU náà. Kò sí ibi tó máa gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn.

ÌyáWáyà:
Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ ra adapter tó ń yí SATA (ẹnu okùn iná SSD) padà sí 6-pin tàbí 8-pin láti fi fún káàdì nínú OptiPlex. Ẹnu SATA ní pin mẹ́ta fún 12V, ìkọ̀ọ̀kan wọn 1.5A. Ìyẹn 54W. Káàdì tó ń wá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ike á yọ́, iná á sọ. Àwọn tó ń tà á ò ní sọ fún yín.

Otigba_Boy:
Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ to tiẹ̀ gan-an, AM4 (irú ihò CPU Ryzen tó ń lo RAM DDR4) ni kó lọ. Owó RAM ti gbéra kárí ayé láti ìparí 2025, torí AI ni àwọn tó ń ṣe é ń tà fún, DDR5, RAM ìran tuntun, sì ni AM5 tó tẹ̀lé AM4 ń lò. DDR4 tòkunbọ̀ ṣì pọ̀ nígboro.

CPU: Ryzen 5 5600. Má jẹ́ kí wọ́n fi 5500 tàn ẹ́ pé "ìkan náà ni". Core àti thread wọn dọ́gba, 6 àti 12, àmọ́ 5600 ní 32MB cache (memory kékeré inú CPU), 5500 ní 16MB àti PCIe 3.0 nìkan. Nínú géèmù, cache yẹn ń hàn. Tí owó 5500 bá rọjú dáadáa, rà á, kó o ṣáà mọ ohun tó o rà. Ní ti Intel, i3-12100F náà kì í ṣe ẹni à ń fojú di, core mẹ́rin ni.

CPU ni nǹkan tó ṣòro jù lọ láti bàjẹ́, nítorí náà tòkunbọ̀ dáa fún un. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni kó o wò. AM4, abẹ́ CPU ni pin wà: gbé e dé ìpele ojú ẹ, wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà pin gbọ́dọ̀ tọ́ tààrà. Èyí tó tẹ̀ á dá yàtọ̀. Ti Intel LGA1700, inú mọ́dábọ́ọ̀dù ni pin ẹ̀ wà, fi tọ́ọ̀ṣì foonu wo ibẹ̀, tí wọ́n bá ní o ò gbọdọ̀ ṣí i, bá tìẹ lọ.

Mọ́dábọ́ọ̀dù: B450 tàbí B550. Tuntun ló dáa, torí rìsíìtì àti wáràńtì, àmọ́ èmi ò ní bá ẹni tó ra tòkunbọ̀ jà. B450 jáde ṣáájú Ryzen 5000, nítorí náà BIOS àtijọ́ ò ní dá 5600 mọ̀, ojú móńítọ̀ á kàn dúdú. Sọ fún ẹni tó ń tà á kó fi CPU sí i kó tan án lójú ẹ. Àwọn kan ní bọ́tìnì Flash BIOS lẹ́yìn, o lè fi fláàṣì FAT32 ṣe é láìsí CPU lórí ẹ̀ rárá. RX 6600 lórí B450 ń pàdánù díẹ̀ nítorí PCIe 3.0, àmọ́ díẹ̀ ni, má san owó B550 torí ìyẹn nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́Géèmù:
Tí mo bá ra 5600G ńkọ́, kí n máa lò ó láìsí káàdì títí owó káàdì á fi dé?

Kúlà_Tútù:
Ó ṣeé ṣe. Valorant á lọ dáadáa, FC ní settings tó relẹ̀, Forza á máa rojọ́. Àmọ́ 5600G náà, 16MB cache àti PCIe 3.0 ni tiẹ̀, lọ́jọ́ tí káàdì bá dé á wà lẹ́yìn 5600. Tó bá jẹ́ oṣù kan tàbí méjì lo fẹ́ fi dúró, fi owó náà pamọ́. Tó bá máa dé ọdún kan, rà á.

Tó o bá sì rà á, RAM gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ara RAM ni graphics inú CPU ti ń jẹ, ẹyọ kan á gé ọ̀nà ẹ̀ sí ìdajì. Kódà pẹ̀lú 5600, 8GB méjì sàn ju 16GB ẹyọ kan lọ. DDR4-3200, CL16. Ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ CPU ni kó o fi wọ́n sí, wọ́n máa ń kọ A2 àti B2 sí wọn lára. Wọ inú BIOS, tan XMP tàbí DOCP, torí tí o kò bá tan án, 2133 tàbí 2400 ni RAM 3200 á máa rìn, kò sì ní sọ fún ẹ. Tòkunbọ̀ kò burú fún RAM. Fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò lóru kan. Àṣìṣe ẹyọ kan péré, dá a padà.

Cooler Wraith Stealth tó ń bá 5600 wá nínú páálí ti tó. Thermal paste ti wà lábẹ́ ẹ̀, má fi kún un. Skrúù ló ń lò, nítorí náà tú ike méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé CPU kúrò lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ṣáájú, kó o di pákó ẹ̀yìn ẹ̀ mú kó má bàa jábọ́. Tó o bá ra CPU lásán tó o sì fẹ́ fi paste tìẹ, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan láàárín. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tú cooler AM4, lo kọ̀ǹpútà kó gbóná díẹ̀, kó o pa á, kó o wá yí cooler sọ́tùn-ún sósì kó o tó gbé e. Ẹni tó bá fà á sókè tútù, CPU á bá a jáde, pin á sì tẹ̀.

Case: má wo iná RGB, wo iwájú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ gíláàsì pátá níwájú, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Nínú yàrá tó ti ń mú 32°C kó o tó tan nǹkan kan, mesh ló yẹ, fáànù 120mm méjì níwájú tó ń fa wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń tú jáde. Bí àwọn tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, eruku ọ̀nà àlàfo ò ní pọ̀, àwọ̀n iwájú nìkan lo máa fọ̀. Ìgbà ọyẹ́, máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. 5600 ò gbọdọ̀ kọjá 90°C. Tó bá ń lu 85 nínú géèmù, cooler ò jókòó dáadáa.

Ìjẹ̀bú_NVMe:
SSD kù. Tuntun ni o, ibẹ̀ èmi náà ò ní ṣahun. GTA V nìkan ju 100GB lọ, ìwọ náà mọ iye tí data ń gbà, o ò ní fẹ́ kí SSD kú lẹ́yìn tó o ti fi data òru gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. NVMe (irú SSD tó yára) 1TB tó bá ṣeé ṣe, 500GB tí kò bá ṣeé ṣe. Kó o tó rà á, bi wọ́n bóyá NVMe ni tàbí SATA, torí M.2 ni ìrísí àwọn méjèèjì. Nínú ìwé àwọn B450 kan wọ́n máa ń kọ ọ́ pé tó o bá ti lo ihò M.2 kan, pọ́ọ̀tù SATA méjì á kú. Ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Tó bá di dandan pé tòkunbọ̀ lo máa rà, CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tó ti lò àti iye tí wọ́n ti kọ sórí ẹ̀.

Otigba_Boy:
Mo gbàgbé ìdánwò káàdì. Kó o tó fa páálí káàdì tòkunbọ̀ ya, wo skrúù ẹ̀yìn ẹ̀: tí ẹnu wọn bá ti họ, wọ́n ti tú u. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbóòórùn ẹ̀, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo àyíká chip láti ẹ̀gbẹ́. Tó o bá rí ohun tó ń dán bí oje igi tó gbẹ, flux (ohun tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀) ni, wọ́n ti fi iná yan án. Má rà á. Lẹ́yìn náà FurMark (ètò tó ń fún káàdì níṣẹ́ líle) fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o máa wo GPU-Z lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Hot spot (ibi tó gbóná jù lára chip) tó bá ń sún mọ́ 110°C, tàbí àmì àwọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú móńítọ̀, kúrò níbẹ̀.

Káàdì tí wọ́n fi wa Ethereum (owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ọ̀pọ̀ jáde sígboro lẹ́yìn September 2022 tí Ethereum fi mining sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kọ́ ló ń pa chip. Fáànù àti thermal pad ló máa ń jẹ. Béèrè owó fáànù tuntun, kó o yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń pè.

Akẹ́kọ̀ọ́Géèmù:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá tò ó tán tó tan, tí fáànù ń yí, ṣùgbọ́n tí móńítọ̀ dúdú, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Kúlà_Tútù:
HDMI. Ara káàdì ni kó o so ó mọ́, má so ó mọ́ ara mọ́dábọ́ọ̀dù. 5600 àti gbogbo Intel tó ní F lórúkọ ò ní graphics nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn CPU tó wà lókè lápá òsì mọ́dábọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ẹ̀. 8-pin ni òun náà, àmọ́ kì í ṣe ti káàdì: èyí tó pín sí 6+2 ni ti káàdì, 4+4 ni ti CPU. Tó ò bá wọlé wẹ́rẹ́, má fi tipá tì í. Okùn PSU mìíràn tó o rí nílé, má lò ó rárá, kódà kó wọ̀ ọ́. Ètò pin lẹ́nu PSU yàtọ̀ síra, SSD ló máa ń kọ́kọ́ jóná.

Tí gbogbo ìyẹn bá pé, yọ RAM méjèèjì, fi ẹyọ kan padà sí A2, tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò bá tíì wá, pa PSU, yọ bátìrì róbótó orí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, dá a padà, tan án, kó o sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, torí ó máa ń tún RAM kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan ní iná kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA, BOOT sí: èyí tó dúró sórí ẹ̀ tí kò kú ni kó o máa bá ṣẹjọ́.

Otigba_Boy:
Tí Windows 11 bá ti wọlé, Valorant á ní òun ò ní ṣí láìsí TPM 2.0 àti Secure Boot (àwọn ètò ààbò inú kọ̀ǹpútà). Má bẹ̀rù. Wọ BIOS, tan fTPM (TPM inú CPU), pa CSM (ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń dìde), tan Secure Boot. GPT (ìlànà tuntun fún pínpín SSD; MBR ni ti àtijọ́) ni kó o fi pín SSD nígbà tó o bá ń fi Windows sí i. Tó bá jẹ́ MBR lo lò, lẹ́yìn tó o bá pa CSM, Windows ò ní dìde.